Lẹ́tà Ṣíṣí Sí Ẹ̀yin Aṣáájú Ẹ̀sìn Ilẹ̀ Okun: Ẹnu Yín Ló Ń Ṣí Ṣọ́ọ̀bù, Òun Náà Ló Ń Tì Í

Ẹ̀yin bàbá wa nínú Olúwa, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin fáda, ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin lémọ̀mù àti áfáà wa gbogbo, ní ilẹ̀ Okun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrá dé Mopa, Ìsánlú, Odò-Ẹrẹ́, okun o. Mo kúnlẹ̀ kí yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n kéde nínú ìjọ tèmi, lẹ́yìn ọrẹ, pé gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì máa di ilé àlejò fún àwọn òjíṣẹ́ tó bá wá wàásù. Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, àwa tó wà níbẹ̀ mọ ara wa, bẹ́ẹ̀ irú ẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ káàkiri. Gbọ̀ngàn yẹn ni àwa obìnrin ti ń lò láti ọdún mẹ́fà, gbogbo Túsìdeé àti Tọ́sìdeé, ibẹ̀ la ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán, ọṣẹ ṣíṣe, búrẹ́dì yíyan, ibẹ̀ náà la ti ń dá àjọ, àwa mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò bi wá léèrè. Nígbà tí a lọ béèrè, gbólóhùn kan ni wọ́n fi dá wa lóhùn: ilé Ọlọ́run kì í ṣe ilé ọjà.

Mo dé ibẹ̀ ní Túsìdeé, mo bá maṣíìnì ìránṣọ márùn-ún lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti kó wọn síta láti Sátidé, òjò méjì sì ti pa wọ́n. Igi ojú méjì nínú wọn ti wú, ó ti ń ṣí ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Mo fọwọ́ yí wíìlì ọ̀kan, ó kọ̀, mo tún yí i, ó dún kííín, ìpẹtà sì bá ìka mi wá. Ọmọbìnrin kan tó ku oṣù méjì kó ṣe fírídọ̀mù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi téèpù kọ́rùn, ó ní, "Màmá, ṣé ká máa lọ sílé ni?" Mi ò rí èsì fún un. Ẹ̀yin ni mo wá ń kọ̀wé sí.

1. Ẹ kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀yin lẹ̀ ń pinnu.

Ọmọ wa tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, kó tó dé báńkì, kó tó dé ọ́fíìsì ìjọba, ọ̀dọ̀ yín ló máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ó fẹ́ kẹ́ ẹ gbàdúrà sí owó náà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá Ọlọ́run fọwọ́ sí i, ó fẹ́ mọ ọjọ́ tó dáa láti ṣí i, àní á tún bi yín bóyá kóun àti ọ̀rẹ́ òun jọ ṣe é tàbí kóun dá a ṣe. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2009 tí mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́, mo gbé owó lọ bá pásítọ̀ àgbà kan, ó ti sùn nínú Olúwa báyìí. Kò rí ìran kankan fún mi. Ó ní kí n jókòó, ó ya ìwé kan láàárín ìwé ìwàásù rẹ̀, ó ní ẹ̀gẹ́ ọkọ̀ kan èló, epo ẹ̀rọ èló, àwọn tó máa bó o ńkọ́, àwọn tó máa din ín ńkọ́, tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ta ló máa tún un ṣe? A ṣírò títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà ló ṣí Lúùkù orí 14, ibi tí Jésù ti ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ á kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tó máa ná an, ó wá gbàdúrà, àdúrà kúkurú. Ẹ̀rọ yẹn ló rán ọmọ mi mẹ́ta níwèé.

Torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbàgbọ́ ló sọ mí di oníṣòwò. Ohun tí mo mọ̀ pé ó lè ṣe ni mo ṣe ń bínú nígbà tí mo bá rí i tó ń ṣe òdìkejì.

2. Ìwàásù ọ̀tá ilé ń lé owó kúrò nílé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan kọ́ṣẹ́ wẹ́dà fún ọdún mẹ́rin ní Lọ́kọ́ja. Ó ṣe fírídọ̀mù, ó wá sílé, ó sanwó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan, owó tó kó jọ pẹ̀lú èyí tí bàbá rẹ̀ fi kún un jẹ́ 480,000 náírà, wọ́n sì ti bá a kọ pátákó, ó ti kàn án mọ́ ògiri. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó ṣí i gan-an ni wọ́n pè é síwájú nínú ìṣọ́ òru, wọ́n ní ẹnì kan nínú ìdílé bàbá rẹ̀ jókòó lé ògo rẹ̀ lórí, pé tó bá fi lè ṣiṣẹ́ nílé kò ní rí ọdún tó ń bọ̀, àfi kó gbin irúgbìn kó sì kúrò. Ọmọ náà gbin 200,000. Ó fi ìyókù wọkọ̀ lọ Àbújá. Géètì ló ń ṣọ́ níbẹ̀ báyìí. Pátákó rẹ̀ ṣì wà lára ògiri yẹn, òjò ti fọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ dànù, orúkọ rẹ̀ ló kù.

Ẹni tí ọkàn gbogbo wọn wá lọ sí pé ó jókòó lé ògo ni àbúrò bàbá rẹ̀, èyí tó ti ṣèlérí pé òun á yá a ní jẹnẹrétọ̀ títí yóò fi rí owó ra tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́.

Ẹ̀yin bàbá mi, mi ò sọ pé aráyé ò sí o. Mo sì mọ̀ pé àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà wa, ìyẹn ẹ̀rù gidi, ẹ bá wa kígbe ẹ̀ sí ìjọba létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ilé ńláńlá tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Àbújá kọ́ sílé, táìlì, géètì onírin, bóhòólù, ọdún Kérésì àti ìsìnkú nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Tí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ síbí, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní "Màmá, ẹ mọ bí ilé ṣe rí." Níbo ni wọ́n ti gbọ́ bí ilé ṣe rí? Lẹ́nu yín ni. Ìpínlẹ̀ Kogi wà lára àwọn tó ń mú kaṣú jáde jù ní Nàìjíríà, ó sì ń wọ tírélà lọ ní èso rẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìfọ́, láìyan, àwọn ará ibòmíì á fọ́ ọ, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á tún tà á padà fún wa. Owó tó lè fọ́ kaṣú nílé wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, àmọ́ ó ń sá fún àjẹ́.

3. Ìwé tí ẹ̀sìn kọ́ wa, a fi dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Ẹ̀yin ará Yàgbà mọ ìtàn yìí jù mí lọ, bí Titcombe ṣe dé ní 1908 láti ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Sudan Interior Mission (SIM), tí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn fi dìde ní Ẹ̀gbẹ̀, tí Titcombe College fi bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Ẹ̀sìn ló kọ́ ilẹ̀ Okun ní ìwé, a sì dúpẹ́. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì fi ohun kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé: pé ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Max Weber, kọ ọ́ ní 1904 sí 1905 pé ìgbàgbọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, pé iṣẹ́ òòjọ́ ẹni fúnra rẹ̀ jẹ́ ìpè láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, wà lára ohun tó ti àwọn èèyàn sídìí òwò ńlá ní Yúróòpù. Nígbà tó di 2009, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Becker àti Woessmann, tún yẹ àkọsílẹ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Prussia, apá kan Jámánì nígbà náà, wò, wọ́n ní ìwé kíkà ló fa èyí tó pọ̀ jù, torí Luther, aṣáájú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, fẹ́ kí gbogbo ọmọ lè ka Bíbélì fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì lè ka Bíbélì á lè ka ìwé ìṣirò òwò. Mo ní "Hẹn-ẹ́n!" Àwa náà kà á. Kí ló dé tí tiwa parí sí iṣẹ́ tíṣà àti akọ̀wé, tí à ń dúró de owó oṣù tó ń pẹ́?

Apá kan nínú ìdáhùn wà nílé wa. Ará Bùnú, nílẹ̀ Okun wa níbí, ni ìyá ìyá mi. Ó ní òfì ìdúró kan tó gbé ti ara ògiri, àwọn obìnrin Bùnú mọ aṣọ hun débi pé aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn olóyè, tí wọ́n tún fi ń ṣe egúngún, ọwọ́ wọn ló ti ń wá. Nígbà tí ìyá àgbà gba Jésù, wọ́n sọ fún un pé òwú tó bá lè kan egúngún, ọwọ́ Kristẹni ò gbọ́dọ̀ kàn án. Wọn ò sọ fún un pé kó hun funfun, tàbí dúdú, tàbí èyí tí àwọn ìyàwó á ró lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kàn ní kó jáwọ́. Ó tú òfì náà, a fi igi rẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn àká. Mo gun àtẹ̀gùn yẹn ní kékeré, apá ibi tí òwú ti ń fà á ṣì ń dán.

Ẹ wá wo Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà aṣọ aláró, ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú. Òwú àti aró tí wọ́n ń bù kù lára àwọn ìyá wa ló gbé dé Èkó, dé Òṣogbo, dé òkè òkun, ó sì tún gbé iṣẹ́ náà padà wá sí Ògìdì kí àwọn obìnrin lè kọ́ ọ. Mélòó nínú irú rẹ̀ ló ti tú òfì tirẹ̀ nítorí ìwàásù ọjọ́ Sọ́ńdè kan?

4. Ìdámẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà èyí, torí ibí ló ti ń dùn mí jù.

Tí mo bá ta gàrí 100,000 náírà, ẹ̀gẹ́ wà nínú ẹ̀, epo ẹ̀rọ wà nínú ẹ̀, igi ìdáná, owó àwọn tó bó o, owó àwọn tó jókòó ti agbada nínú èéfín láti àárọ̀, owó àpò, owó ọkọ̀. Ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ 91,000. Ohun tó jẹ́ tèmi ni 9,000. Ìdámẹ́wàá mi 900 náírà ni. Mo ń san án, inú mi sì ń dùn láti san án. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà ń san 10,000, torí ohun tí wọ́n gbọ́ ni "ìdámẹ́wàá gbogbo ohun tó wọlé." Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi: ó ti kó gbogbo èrè rẹ̀ sílẹ̀, ó tún mú 1,000 kún un látinú owó òwò, kò sì tíì ra iyọ̀ tí yóò sè lálẹ́. Tó bá tajà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 10,000 ti lọ nínú owó òwò, kò sí ẹni tó jà á lólè. Lẹ́yìn ọdún kan ṣọ́ọ̀bù á gbẹ. Yóò wá padà sọ́dọ̀ yín pé ọwọ́ òun ń jò, ẹ ó sì ní ẹ̀mí àpò jíjò ni, kó wá gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, kó ti ṣọ́ọ̀bù ná.

Mo ti jókòó ti irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ohun tó rà àti ohun tó tà sílẹ̀, ó ní òun ò lè máa ka owó òun, pé Dáfídì ka èèyàn, àjàkálẹ̀ àrùn sì wọlé. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?

Àkọ́so ti oṣù January ńkọ́? Òṣìṣẹ́ tó kó owó oṣù kan sílẹ̀ á rí ti February gbà. Oníṣòwò tó kó owó ọjà January sílẹ̀, kí ló fẹ́ fi ra ọjà February? Mi ò ní kẹ́ ẹ má gba àkọ́so. Ẹ sọ fún wọn pé owó òwò yàtọ̀ sí èrè. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìyẹn máa gbà lórí pẹpẹ.

5. Ẹ̀yin lémọ̀mù wa, ẹ̀yin náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Arábìnrin Mùsùlùmí kan wà nínú àjọ wa, aṣọ ló ń tà. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í yá ara wa lówó pẹ̀lú èlé náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, kò bá wa yá mọ́. Áfáà rẹ̀ ti sọ fún un pé èlé haraamu ni. Òótọ́ lẹ sọ, mo bọ̀wọ̀ fún un, ó sì dá a gbé fún ọdún méjì gbáko, ọjà rẹ̀ ń kéré sí i lójú wa, kò yẹsẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ tán sí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kan, wọn ò fi òmíràn hàn án. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wá ṣàlàyé mùdárábà fún gbogbo wa: ẹnì kan á mú owó wá, ẹnì kejì á mú iṣẹ́ àti ọgbọ́n wá, wọ́n á pín èrè bí wọ́n ṣe jọ fẹnu kò, tí òwò bá sì ṣòfò láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà hùwà àìbìkítà, ẹni tó ni owó ló máa gbé àdánù owó, òṣìṣẹ́ á gbé àdánù làálàá rẹ̀. Ó rán wa létí pé Ànábì fúnra rẹ̀, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ọjà Hàdíjà ṣòwò kó tó fẹ́ ẹ.

A yí òfin àjọ padà. Èmi Kristẹni ni mo kọ́kọ́ dìbò sí i, torí ní November 2024 Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé tiwọn dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí báńkì á wá bu lé àwa kéékèèké lórí tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti rí ohun tí èlé ń fojú obìnrin rí. Láti 2012 ni Jaiz Bank ti wà ní Nàìjíríà láìgba èlé. Mélòó nínú yín ló ti fi ọjọ́ Jímọ̀ kan ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè bá irú wọn ṣe?

6. Ilé Ọlọ́run àti ilé ọjà.

Àwọn tí Jésù lé jáde ń rẹ́ àwọn tó wá jọ́sìn jẹ ni. Ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn aṣọ ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Pọ́ọ̀lù pàgọ́ tà ní Kọ́ríńtì. Lídíà tó ń ta aṣọ elésè àlùkò ló gba ìjọ sínú ilé rẹ̀, ìyẹn ni pé ilé ọlọ́jà ló di ilé Ọlọ́run ní Fílípì. Bournvita tí ẹ ń mu láàárọ̀, orúkọ ìdílé Cadbury ló wà lára agolo rẹ̀, ìjọ Quaker, ìjọ Kristẹni kan tó yàtọ̀ sí ìjọ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ni wọ́n, John Cadbury ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Birmingham ní 1824. Nígbà yẹn wọn ò gba irú wọn wọlé sí yunifásítì ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òwò ló kù fún wọn, ìjọ wọn sì ń ṣọ́ ara wọn lójú méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má jẹ gbèsè kó sá lọ.

Tí ìyẹn bá jìnnà, ẹ wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1947 àwọn aládùúrà kan kó lọ sí etí òkun ní Ìlàjẹ, wọ́n tẹ Ayétòrò dó (kì í ṣe Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ tiwa o). Wọ́n kó ohun ìní wọn pọ̀, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe ọṣẹ, wọ́n sì ti ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú wa ṣì ń tan àtùpà. Omi òkun ń jẹ ìlú náà lọ báyìí, ó ń dunni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé àdúrà wọn dínkù torí pé wọ́n ń kan ọkọ̀.

7. Ohun tí a ń béèrè.

Ẹ dá gbọ̀ngàn wa padà. Àlejò lè sùn sílé àwọn ọmọ ìjọ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, èmi fúnra mi ní yàrá méjì. Ẹ tún maṣíìnì méjì tí òjò bàjẹ́ ṣe. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yọ Sọ́ńdè kan lóṣù, kí mọ́ṣáláṣí yọ Jímọ̀ kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa òwò kọ́ àwọn èèyàn ní ìṣirò èrè àti owó òwò. Kí ẹnikẹ́ni má gba irúgbìn mọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tajà. Wòlíì tó bá sì rí ìran nípa ìdílé ẹni, kó pe ìdílé yẹn jókòó, kó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, kó má ṣe fi ẹ̀rù lé ọmọ ọlọ́mọ jáde nílùú lóru.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kí ẹni tó gba 200,000 náà pè é. Ó mọ ara rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà, onílé ní òun ò tíì fún ẹlòmíì, àbúrò bàbá rẹ̀ sì ní jẹnẹrétọ̀ náà ṣì wà ní kọ́nà yàrá òun.

Túsìdeé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n máa wà níwájú gbọ̀ngàn yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin wa àti ìwé àkọsílẹ̀ àjọ ọdún mẹ́fà. A ò ní pariwo. A máa jókòó sórí àga tí a gbé wá láti ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Èmi ni tiyín,
Ìyá onígàrí kan, ọmọ ìjọ, ní Kàbà.